Jíìpù Tòkunbọ̀ fún Iṣẹ́, Ìpàgọ́ àti Ìrìn-Àjò: Ohun Tí Mo Rí Lára Toyota 4Runner Ọdún 2006

Ọkọ̀ kẹta tí mo wò ní ọjọ́ Sátidé yẹn ni Honda CR-V ọdún 2008. Ara rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ kò rùn, ẹni tó ń tà á sì ti fi ọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta láti fi dá mi lójú pé fọ́ọ̀-wíìlì gidi ni, ìyẹn ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì lè dé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo sì fà wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Níbi tó yẹ kí pùròpẹ́là ti máa gbé agbára ẹ́ńjìnnì láti iwájú lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ojú irin tí wọ́n máa ń dè é mọ́ wà lófìfo, aláǹtakùn sì ti ta òwú bò ó. Nígbà tí mo jáde tí mo bèèrè, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n yọ ọ́ kó má baà máa jẹ epo ni. Kò ba nǹkan kan jẹ́."

Kì í ṣe irọ́ ló pa pé ọkọ̀ náà ń rìn. CR-V irú èyí, ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń rìn lójoojúmọ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yọ̀ nìkan ni agbára máa ń dé ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tí kò bá kúrò lórí ọ̀dà lè lò ó fún ọdún mẹ́wàá láì mọ̀ pé wọ́n ti yọ ìdajì ohun tó sanwó fún. Àṣà yíyọ pùròpẹ́là yìí wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí i bí àbùkù tó yẹ kí a sọ fún ẹni tó fẹ́ rà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ń wá nígbà náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Yóò máa gbé mi láti Akọ́bọ̀ lọ sí Ring Road ní Ìbàdàn ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 15 ní àlọ nìkan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀. Yóò máa gbé wa lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yóò sì máa gbé èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì lọ sí ibi tí a ti ń pàgọ́, nítorí pé láti ìgbà tí a ti lọ sùn sí Ìkógòsì lẹ́ẹ̀kan ni ìfẹ́ àgọ́ ti wọ̀ wá lára. Bàbá mi kò tíì gbà títí di òní pé ẹni tó kọ́ ilé lè mọ̀ọ́mọ̀ lọ sùn sábẹ́ aṣọ nínú igbó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá wa dúró.

Àwọn iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń bá ara wọn jà. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì kékeré àti ọkọ̀ tí kò gba àyè púpọ̀. Títì Èkó ń fẹ́ ọkọ̀ tí kò ní máa mì nígbà tí tírélà bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igbó ní tirẹ̀ ń fẹ́ gíga, ṣásí tó le, àti jíà kékeré tí yóò fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ ní ìrìn jẹ́jẹ́. Bí mo ṣe ka ọjọ́ inú ọdún, bóyá ni ogún ọjọ́ nínú wọn fi máa kan igbó. Gbogbo ọjọ́ yòókù, ẹrù lásán ni fọ́ọ̀-wíìlì jẹ́ fún ọkọ̀, epo sì ni a fi ń rù ú. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá yóò lè fara da ọkọ̀ náà ní ọjọ́ Ajé, kí ó tó máa ronú nípa ohun tí yóò fi ṣe ní ọjọ́ Sátidé.

Mo yara ta àwọn kan nù. Toyota Highlander ti ọdún 2004 sí 2007 tutù, ó sì dùn ún wà, ṣùgbọ́n kò ní jíà kékeré, abẹ́ rẹ̀ kò sì ga tó fún ojú ọ̀nà tí mo ní lọ́kàn. Ẹni tí kò kúrò lórí ọ̀dà kò nílò ju òun lọ, bí ó bá ti rántí pé ẹ́ńjìnnì lítà 3.3 rẹ̀ ń lo bẹ́líìtì táímìnì, ìyẹn rọ́bà tó ń mú àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì yí pọ̀, tó yẹ kí a pààrọ̀ ní nǹkan bíi máìlì 90,000. Lexus GX 470 lẹ́wà, ṣásí rẹ̀ àti ti 4Runner bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) lítà 4.7 ló wà nínú gbogbo wọn, èmi kò sì ní irú owó epo bẹ́ẹ̀. Land Rover Discovery 3 wù mí ju gbogbo wọn lọ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀rùn tó wà nínú rẹ̀, Toyota kan ò ní in. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ Discovery 3 fi ń dúró dípò sípíríǹgì, mo sì ka iye àwọn mẹkáníìkì tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn tí mo lè gbé irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ fún, wọn kò pé méjì.

Èyí tó kù ni 4Runner ìran kẹrin, ìyẹn àwọn tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2009. Ṣásí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe Land Cruiser Prado tó jáde ní ìgbà kan náà, nítorí náà, kò sí ẹ̀yà abẹ́ rẹ̀ tí o máa wá ní ọjà Araromi ní Agodi Gate tàbí ní Ladipo l'Ékòó tí wọ́n máa wo ojú rẹ lásán. Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ló ní: V6 lítà 4.0 tó ń lo ṣéènì, àti V8 lítà 4.7 tó ń lo bẹ́líìtì táímìnì. Mo yan V6, mo sì tún yàn láti má wo èyí tó ṣáájú ọdún 2005, nítorí pé jíà mẹ́rin ni V6 ọdún 2003 àti 2004 ní, márùn-ún sì ni èyí tó tẹ̀lé e. Lórí títì Èkó, ìyàtọ̀ jíà kan yẹn ń hàn nínú ariwo ẹ́ńjìnnì àti nínú epo.

Ṣùgbọ́n kí a yan irú ọkọ̀ jẹ́ ohun kan, kí a yan ọkọ̀ gan-an jẹ́ ohun mìíràn, ibẹ̀ ni mo sì ti lo ọ̀sẹ̀ méje.

Ìpẹtà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀pọ̀ jíìpù tòkunbọ̀ wa ń ti Amẹ́ríkà wá, àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń já níbẹ̀ sì máa ń da iyọ̀ sójú títì kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Iyọ̀ yìí ló ń jẹ ṣásí láti inú wá síta. Ọkọ̀ tó lo ọdún mẹ́wàá ní Michigan tàbí New York lè ní ara tó ń dán bíi tuntun, kí ṣásí rẹ̀ sì ti dà bí ìpele àkàrà tí epo ti gbẹ lára rẹ̀. Mo ń mú sikurúdiráfà dání, mo ń fi èèkù rẹ̀ kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn níbi tí ẹrẹ̀ máa ń há sí. Ó yẹ kí ó máa dún kó-kó-kó bí irin tó le. Lára 4Runner àkọ́kọ́ tí mo wò, ó dún bọ̀, ìpẹtà tó nípọn bí ẹyọ náírà àtijọ́ sì já bọ́ sí mi lójú. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún láti òkè. Ọ̀dà tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ohun ìdùnnú o, ó yẹ kó kọ ènìyàn lóminú ni.

Lẹ́yìn ìpẹtà ni rádíétọ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, epo jíà máa ń gba inú rádíétọ̀ kọjá kí ó lè tutù, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi. Bí ògiri yẹn bá jẹrà, omi á wọ inú jíà, jíà á sì kú ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Àmì rẹ̀ kò fara sin: kí a ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí a sì tún fa ọ̀pá ìwọn epo jíà jáde fún àwọn ọdún tó bá ní i. Bí ohun tí a rí níbẹ̀ bá funfun tó sì ní àwọ̀ osùn díẹ̀, bíi wàrà tí wọ́n po mọ́ sóbò, kí a kúrò níbẹ̀ láì dúnàá-dúrà. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní irú omi tí wọ́n ń dà síi ní òkè òkun nìyẹn.

Mo ní ẹ́ńjìnnì tutù, mo sì mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá dé ibi ìtajà ọkọ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí o gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tí o sì rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tanná sí i kí o tó dé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ń pariwo, tàbí ó ń rú èéfín búlúù, fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ tí wọn kò fẹ́ kí o rí. Èmi máa ń dá wọn lóhùn pé màá padà wá lọ́la, mo sì máa ń padà lọ lóòótọ́.

Nọ́ńbà ṣásí, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí a ti lè kà á láti ìta gíláàsì. Ẹ̀kẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 5 ni ti 2005, 6 ni ti 2006, títí dé 9, nígbà tó di 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo A. Mo rí jíìpù kan tí wọ́n pè ní 2008 tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ń pariwo pé 2004 ni òun. Nọ́ńbà yìí kan náà ni a fi ń ra ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí a fi ń ra táyà kan. Èyí tí mo rà fún ọkọ̀ kan fi hàn pé ní ọdún 2017 ó ti rin máìlì 164,000. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, 98,000 ló wà níbẹ̀. Ìtàn yẹn náà ló ń sọ bóyá ọkọ̀ wà ní agbègbè tí ìjì líle gbé omi dé, bíi Houston ní ọdún 2017. Bí kò bá sí owó ìtàn, kí a fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìparí rẹ̀. Ẹni tó fọ inú ọkọ̀ kì í sábà rántí láti fọ ibẹ̀, ẹrẹ̀ àti òórùn omi àtijọ́ sì máa ń wà níbẹ̀ dè ọ́.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo ń wò ni fọ́ọ̀-wíìlì fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ojú nìkan. 4Runner V6 onífọ́ọ̀-wíìlì ní bọ́tìnì yíyí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn: 2H fún ọ̀dà, 4H fún ojú ọ̀nà tó ń yọ̀, 4L fún ibi tó burú pátápátá. A gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ dúró kí a sì gbé jíà sí N kí 4L tó wọlé. Bọ́tìnì mìíràn tún wà tó ń ti difu àárín pa, ìyẹn jíà tó ń pín agbára láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn; a kò gbọ́dọ̀ lò ó lórí ọ̀dà gbígbẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yí i sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ iyanrìn. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú tí kò sì dúró sójú kan, mọ́tò kékeré tó ń gbé jíà náà wọlé ti gan, nítorí mọ́tò ọkọ̀ tí wọn kò yí bọ́tìnì rẹ̀ fún ọdún márùn-ún lè gan. Nínú 4Runner mẹ́fà tí mo wò, méjì ló ṣẹ́jú sí mi. Ọ̀kan sì wà tí kò ní bọ́tìnì rárá, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gíga rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni mo rà. Ọdún 2006 ni, láti ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín kò wọ́pọ̀, ṣásí rẹ̀ dún kó-kó-kó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìtàn rẹ̀ sì bá máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mu. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ti là, ìjókòó awakọ̀ ti ya, àwọn táyà rẹ̀ sì ti dàgbà. Ẹ má wo bí ihò táyà ṣe jinlẹ̀ tó o. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT lára rẹ̀: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Mo fi àwọn àbùkù yìí já owó rẹ̀ wálẹ̀, mo sì ra táyà mẹ́rin tuntun kí n tó kúrò ní ìlú. Kí oṣù kan tó pé, mo pààrọ̀ rádíétọ̀ rẹ̀ láì dúró de àìsàn.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ìgbà tí mo ra ọkọ̀ yìí, epo kò tíì tó ₦200 ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀; láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó di nǹkan bíi ₦500, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Ilé epo 4Runner yìí ń gba lítà 87. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń ra kún un ní owó tí kò tó ₦18,000 wá ń ra kún un ní ₦87,000 láàárín ọdún méjì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo yan lítà 4.0, èmi náà ni mo sì ń ru ú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo epo tí mo bá rà sínú ìwé. Nínú ìlú, ó ń jẹ nǹkan bíi lítà 17 fún kìlómítà 100, ó sì ń tó 18 bí ojú ọ̀nà Ìwó Road bá di pa. Lórí títì Èkó, tí n kò bá kọjá 100 lójú ìwọ̀n eré, ó ń sọ̀kalẹ̀ sí 12 àti díẹ̀. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìkan ń gba nǹkan bíi lítà 25 lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ mi, lílọ àti bíbọ̀ Èkó sì ń gba bíi 32. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa CR-V lójú ọ̀nà kan náà máa ń lo ìdá méjì nínú mẹ́ta iye yẹn. Lóṣù kan ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, bí àwọn ọmọ bá sì ń bèèrè owó ilé-ìwé, ó máa ń dàgbà sí i lójú ẹni.

Àwọn ìyọnu mìíràn tún wà. Pákó ilẹ̀ inú rẹ̀ ga, òrùlé rẹ̀ kò sì ga tó bí ó ṣe hàn láti ìta, nítorí náà ńṣe ni èèyàn máa ń na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni jókòó sórí ẹní. Ìyá mi kò lè gòkè sínú rẹ̀ láì gbé àpótí kékeré sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé, "Ṣé mọ́tò lo rà ni àbí òkè?" Ìjókòó kẹta tó wà nínú àwọn kan, ọmọ kékeré nìkan ló lè jókòó síbẹ̀. Wíwá ibi tí a máa gbé e sí ní Dùgbẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó ní kí n tà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Ọgbà ẹranko Old Oyo National Park, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512 níbùú lóròó, ní ẹnu ọ̀nà kan ní apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a sì ti bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà sọ̀rọ̀ kí a tó lọ, nítorí pé àkókò yìí kì í ṣe àkókò tí èèyàn ń já wọ igbó láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú. Ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí a gbà wọlé ní ọjọ́ kejì ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tó ń yọ̀ bí ilá, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sì wà tí omi ti gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gun un pẹ̀lú 2H, láti wò ó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sí ọ̀dọ̀ kòtò náà, ìyàwó mi sì di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú láì sọ̀rọ̀. Mo dúró, mo tẹ bíréèkì, mo gbé jíà sí N, mo yí bọ́tìnì sí 4L, mo sì ti difu àárín pa. Ohùn kan dún lábẹ́ wa, "kùù," iná rẹ̀ sì dúró gírí. Lẹ́yìn náà, n kò tilẹ̀ tẹ epo. Ọkọ̀ náà ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń gòkè bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn, ẹrẹ̀ sì ń fò lu abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí àwọn kan gbé wá ní ìdí òkè náà kò lè tẹ̀lé wa. Okùn la fi fà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, òjò tún bẹ̀rẹ̀, aṣọ àgọ́ wa sì ń jò. A ká ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, a tẹ́ fóòmù sí i, àwọn ọmọ méjèèjì sì na ara wọn tán níbẹ̀. Gíláàsì ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn 4Runner máa ń sọ̀kalẹ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́, ohun tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jíìpù ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní. A sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, a ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó, òjò kò sì kàn wọ́n. (Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹ má ṣí gíláàsì yẹn sílẹ̀, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì á máa fà wọ inú ọkọ̀.) Èmi àti ìyá wọn sùn níwájú, ọrùn sì dùn wá fún ọjọ́ méjì.

Ní ti àtúnṣe, kò tíì dá mi dúró lójú ọ̀nà rí, ṣùgbọ́n ó ti fún mi ní ẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún "kó" nígbà tí mo bá dúró ní iná ojú títì, bí ẹni pé ẹnì kan fi òòlù kékeré lu abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì kan tí wọ́n júwe fún mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní jíà ti bàjẹ́, kí n lọ mú owó tòkunbọ̀ jíà wá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún Prado ṣe lẹ́bàá ilé wa. Wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n nu ẹnu ibi kékeré tí a ti ń fún gíríìsì sínú pùròpẹ́là, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ó tó ìgbà wo tí ẹ ti fún eléyìí lóúnjẹ gbẹ̀yìn?" Gíríìsì tí owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fún un, ariwo náà sì lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fún un ní gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì.

Ta ni mo máa sọ fún pé kó rà á? Bí ibi iṣẹ́ rẹ bá sún mọ́ ilé bíi tèmi, tí o sì mọ̀ dájú pé ìwọ yóò kúrò lórí ọ̀dà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún, 4Runner V6 láti ọdún 2005 sókè, tí ṣásí rẹ̀ mọ́, ni màá ní kí o máa wá, kí o sì fi owó táyà àti rádíétọ̀ sọ́tọ̀ kí o tó dúnàá-dúrà. Bí o bá ń lọ Èkó lójoojúmọ́, tàbí tó jẹ́ pé Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ìkógòsì ni ìpàgọ́ rẹ mọ sí, níbi tí ọ̀dà ti gbé ọ dé tòsí, CR-V tí pùròpẹ́là rẹ̀ pé ti tó ọ, owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ á sì ra àgọ́ tí kì í jò. V8 ńkọ́? Ẹni tó bá bèèrè owó epo rẹ̀ kò tíì ṣe tán láti rà á.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń gbé ní Akọ́bọ̀ pín ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́: ọ̀sẹ̀ kan, Corolla tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì, jíìpù mi. Ìyẹn ti dín ìnáwó epo mi kù ju gbogbo ìmọ̀ràn tí mo rí gbà lọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù, mo máa ń wà á lọ sí pápá iyanrìn kan lẹ́yìn ilé, mo máa ń yí bọ́tìnì náà sí 4H, lẹ́yìn náà sí 4L, mo sì máa ń wà á síwá-sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó má baà gan.